Ọmọ Tó Pọn Ìrépé Àǹkárá

Àwọn ọmọ ọdún méjì sí mẹ́ta ni mò ń kọ́ ní Mafoluku nígbà náà. Ọmọ mẹ́rìnlá, imú mẹ́rìnlá tó ń ṣàn, èmi nìkan. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ wa rọrùn, kó wá bá mi nu imú fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí kì í sọ̀rọ̀ rárá. Etí rẹ̀ kò di: tí o bá ya ọ̀rá bísíkíìtì ní ìkángun ilé, á yíjú. Ẹnu ni kò ṣí. Láràárọ̀ ni ìyá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba, máa ń bi mí lẹ́nu géètì bóyá ó ti sọ nǹkan. Ojú rẹ̀ a ti rẹ̀ kí n tó dáhùn.

Lọ́jọ́ kan, mo gba ìrépé àǹkárá lọ́wọ́ télọ̀ kan ní Bọ́ládé. Mo ká wọn, mo so wọ́n lọ́rùn, wọ́n di ọmọ. Gbogbo kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í pọnmọ, àtọkùnrin àtobìnrin. Ọ̀kan gbé tirẹ̀ kọ́ èjìká. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ọmọ lẹ gbé ni àbí láptọ́ọ̀pù?"

Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yìí nawọ́ sí ìborùn mi. Mo fi ṣe ọ̀já fún un. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń gbá ọmọ rẹ̀ nídìí pẹ́pẹ́. Ló bá ní, "Má sunkún mọ́. Mọ́mì ń bọ̀."

Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ń ké láàárọ̀ nìyẹn. Mo jókòó sórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, mo sáré pàdé rẹ̀, mo sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ wí fún un. Mo rò pé á dì mọ́ mi ni.

"Yorùbá ló fi sọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Ketekete báyìí."

"Àǹtí, a kì í sọ Yorùbá sí i nílé. Wọ́n ní èdè méjì ló ń dà á lọ́kàn rú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ ọ ní ohun tí a tún máa yọ kúrò lẹ́nu ẹ̀."

Ó lọ bá màdáámù tó ni ilé ìwé. Màdáámù ní kí n kó àkísà mi dànù, kí n máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Èmi tí mo máa ń fi gbogbo ayé ṣẹ̀fẹ̀, "Ó dáa, mà" ni mo sọ. Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi tú ọ̀já náà. Ọmọ náà di kókó rẹ̀ mú, kò sunkún. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ló tún fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo mi orí sí i, mo ní "Ínńgílíṣì." Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbìyànjú mọ́.

Wọ́n mú un lọ sí ilé ìwé mìíràn ní Ire-Akari. Lọ́dún tó kọjá, mo pàdé wọn nílé ìtajà oògùn kan ní Ìsọlọ̀. Ìyá rẹ̀ ní àwọn ti ń gbé e lọ bá àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ká máa bá a ṣeré, Àǹtí." Kò wo ojú mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà. "Báwo ni, ọ̀rẹ́ mi?"

Ó kọ́kọ́ wo ìyá rẹ̀. Ó wá wò mí, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu.