Ìyeyè Ilẹ̀

Láàárọ̀ yìí, obìnrin kan gbé ike ìyeyè wọ ọkọ̀ tí mo wọ̀ ní Ìpẹ̀rú. Kò pẹ́ tí òórùn rẹ̀ fi gba inú ọkọ̀ kan, ojú sì tì mí bí ẹni tí wọ́n ká nǹkan mọ́ lọ́wọ́.

Bàbá mi àgbà gbin igi ìyeyè kan sẹ́yìn ahéré wọn lóko Ìlárá. Ọdẹ ni wọ́n, ṣùgbọ́n orúnkún wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè wọ igbó mọ́.

"Ti orí igi ni tiwa," ni wọ́n máa ń sọ fún mi. "Èyí tó bá já bọ́ sílẹ̀, ti àgbọ̀nrín ni. Má fọwọ́ kàn án."

Àmọ́ ti ilẹ̀ ló dùn jù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n sùn, mo ṣa gbogbo rẹ̀ pátá, mo sì jẹ ẹ́ títí eyín fi kan mí. Omi rẹ̀ ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ mi.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, wọ́n gbé ìbọn lé itan lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn ahéré, wọ́n kọjú sí igi náà. Mo jókòó tì wọ́n. A retí títí, ẹran kankan kò yọjú.

"Bóyá òórùn ogbó ni àwọn ẹran ń gbọ́ lára mi," ni wọ́n wí.

Wọ́n gbé ìbọn kọ́, wọ́n wá bu omi sí igbá fún mi.

"Fọ ọwọ́ rẹ."

Mo rò pé a fẹ́ jẹun ni.

Ìyeyè ọdún kejì kò bá wọn láyé. Ọdẹ ni wọ́n. Kí wọ́n tó dárúkọ ogbó, wọ́n ti gbóòórùn ìyeyè lára mi.