Odò Iwájú Ilé Ìyá Àṣàbí

Ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi wa katapílà, kò síṣẹ́ tó dà mí lórí rú bíi ti odò abúlé kan lẹ́yìn Olódò. Wọ́n ní kí n gbẹ́ odò náà kó jìn, kí àgbàrá yé wọlé àwọn èèyàn. Mo sọ katapílà kalẹ̀ látorí tírélà, mo sì lọ bá bàbá kan tó ń bó ẹ̀gẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Níbo lodò yín wà?"

Wọ́n nawọ́ síwájú ilé kan. Mo wò ó títí, koríko àti ewúrẹ́ ni mo rí.

"Bàbá, omi ńkọ́?"

"Odò lo béèrè, mo sì ti fi hàn ọ́. Omi wà lọ́hùn-ún." Wọ́n tún nawọ́ síbòmíì pátápátá.

Háà! Àbí èmi ni mi ò gbọ́ Yorùbá mọ́?

Lóòótọ́, omi ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ibẹ̀ ni ọ̀gá mi kan èèkàn sí, ibẹ̀ náà ni mo gbẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbẹ́ ẹ ni etí rẹ̀ ń wó padà. Òjò kan rọ̀ lọ́sàn-án, omi yà bàrá kúrò nínú kòtò mi, ó gba inú koríko yẹn, ó sì wọ ilé tí bàbá fi hàn mí.

Opó kan ló nilé náà, Ìyá Àṣàbí, wọ́n ti dàgbà gan-an. Nígbà tí mo lọ kí wọn kú ewu, Àkànní ọmọ wọn ti dé láti Mọ́níyà, ó ń fi okùn di ẹrù wọn.

"Ọmọ mi, ibí ni kóo gbẹ́," ni Ìyá wí fún mi. "Orí odò yìí ni mo gbà wọlé ọkọ. Ìtì ìrókò ni wọ́n fi ṣe afárá, wọ́n wá fi àáké gé e lára kẹ́sẹ̀ má baà yọ̀. Odò yìí náà ló gba àwọn baba ọkọ mi lọ́wọ́ ogun. Ó kún lọ́jọ́ náà, àwọn ológun ò lè kọjá. Àwọn tó la títì ló da erùpẹ̀ dí i, tí wọ́n darí omi rẹ̀ sọ́hùn-ún."

Àkànní fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ má dá wọn lóhùn, ọ̀gá. Ìyá ti ń ṣarán. Láyé mi, mi ò rí odò kankan níbí. Wọn ò lè dá gbé mọ́."

Ìyá gbọ́. "Torí pé mo rántí lo ṣe fẹ́ mú mi kúrò nílé ọkọ mi, Àkànní?" Omi bọ́ lójú wọn. Àánú wọn ṣe mí, àmọ́ ta ni kí n gbà gbọ́? Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù, mo ní omi ò gba ibi tí èèkàn wà o.

"Ibi tó bá ń gbà ni kóo gbẹ́!" Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Mo bá darí katapílà síwájú ilé Ìyá.

Mo gbẹ́ erùpẹ̀ pupa kúrò, mo kan yanrìn dúdú àti ìkarahun. Yanrìn odò, níwájú ilé! Lẹ́yìn náà ni irin mi kọ lu nǹkan líle. Mo rò pé páìpù ni, mo yára bọ́ sílẹ̀. Ìtì igi ni. A da omi sí i lára, ẹrẹ̀ ṣí kúrò, ojú àáké hàn lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Àkànní dúró tòun ti okùn lọ́wọ́. Ìyá bọ́ bàtà, wọ́n fi ẹsẹ̀ wá ojú àáké náà.

"Àkànní, wá dì mí lọ́wọ́ mú, kí n kọjá."

Ó dì wọ́n mú, wọ́n jọ kọjá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló tú ẹrù wọn.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Nígbà tí àwọn ọmọ mi bá fi mọ́tò gbé mi gba àdúgbò Ajíbọ́dé kọjá, mo máa ń sọ fún wọn pé, "Odò kan wà níbí tẹ́lẹ̀, mo ti wẹ̀ níbẹ̀ rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé."

"Bàbá, ilé ló kún ibí o." Wọ́n á wá máa wojú ara wọn. Mo mọ ìwò yẹn, ojú Àkànní ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Nígbà míì, ó máa ń rú èmi gan-an lójú, bóyá ibẹ̀ ni àbí ibòmíì. Mi ò sì ní ìtì ìrókò kankan tí màá fi hàn wọ́n.