Ọkọ̀ Arlene

Mo fi ewú orí mi búra pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ní ìwé kíkọ. Èmi ni mo kọ́ ara mi, mo sì kọ́ ọ débi pé bí ẹ bá gbọ́ ìtàn Delmar Stauffer lẹ́nu ẹlòmíràn tí kò bá èyí mu, kí ẹ da tọ̀hún nù.

Delmar ni ẹni tí gbogbo àgbègbè wa ní Pennsylvania ń gbé ẹ́ńjìnnì rélùwéè wọn lọ bá. Kì í ṣe rélùwéè ńlá tó ń kó èdú kọjá lẹ́yìn ìlú o. Àwọn kékeré ni mo ń wí, àwọn ti ìṣeré tí à ń tò yí ìdí igi Kérésìmesì ká, tí iná mànàmáná ń tì lọ lórí irin wọn. Ti ayé àtijọ́ ni ó sì fẹ́ràn, àwọn tó wúwo bí òkúta, tó ń rú èéfín. Bí Delmar bá fi etí ti ara ògiri ilé onílé, ó lè sọ eyín tó ká nínú ẹ́ńjìnnì tó ń sáré nínú ilé náà. Ó tún ọ̀kan ṣe rí tí àgbàrá gbé lọ, tí wọ́n bá a nínú ikùn ẹja. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti ń fọn fèrè.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti rẹ Delmar. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, orúnkún rẹ̀ ti gbó, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n. Yàrá abẹ́ ilé ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ìdí ni ó sì fi ń wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ibẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Nígbàkúùgbà tí ewé bá ti ń wọ́, àwọn èèyàn á gbé ẹ́ńjìnnì bàbá wọn tó ti kú wá nínú páálí bàtà. Wọ́n á ní, "Bàbá Delmar, ó kàn dákẹ́ ni." Á gbà á, á gbé e lé orí àwọn tó ti wà nílẹ̀. Nígbà mìíràn á jókòó tì wọ́n láti àárọ̀ títí dé ìgbà oúnjẹ ọ̀sán, kò ní fọwọ́ kan ìkankan.

Àwọn panápaná ìlú wa ní àṣà kan. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ Ìdúpẹ́ tí gbogbo Amẹ́ríkà ń ṣe ní oṣù kọkànlá, nígbà tí ẹran tòlótòló ṣì kù nínú fìríìjì kálukú, wọn á kó àwọn ọkọ̀ panápaná síta, wọn á tẹ́ tábìlì kún gbọ̀ngàn wọn, wọn á kọ́ odindi ìlú kékeré sórí rẹ̀ pẹ̀lú òkè, afárá àti ilé ìjọsìn, wọn á sì jẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin máa yí i ká títí ọdún tuntun. Ẹ́ńjìnnì dúdú kan tí Delmar ti ní láti kékeré ni ó máa ń kọ́kọ́ sáré. Bí kò bá tíì sáré, kò sí ẹni tó gbà pé Kérésìmesì ti dé.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Ìdúpẹ́, Merle Fenstermacher, ọ̀gá àwọn panápaná, gbé kọfí wá fún un.

"Bàbá, ẹ wo ọ̀dà ẹ́ńjìnnì yìí," ni Merle wí. "Ó ń ṣí bí ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni èmi pẹ̀lú rí. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n wá kùn mí."

"Àwọn ọmọdé ò wá wo ẹ̀yin."

"Gbé kọfí rẹ, kó o máa lọ."

"Ṣé ẹ máa kùn ún?"

"Màá kùn ún," ni Delmar wí, bí ẹni tí wọ́n ní kó wá gbẹ́ kànga.

Ẹ́ńjìnnì yìí kan náà ló wà láàárín Delmar àti Arlene, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ní àárọ̀ Kérésìmesì kan, Clayton, bàbá wọn, gbé e fún Delmar nínú páálí. Arlene wò ó, ó ní tòun ni. Ó ní bàbá ti fún òun ní ọdún tó ṣáájú, pé píńkì ni, pé ṣe ni wọ́n gbé e pamọ́ sí àjà tí bàbá sì lọ kùn ún ní dúdú. Delmar kéré nígbà náà, kò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú. Àwọn àlejò tó wá jẹun bú sẹ́rìn-ín. Ta ló rí rélùwéè píńkì rí? Clayton kì í ṣe ẹni tí ọmọ ń bá jiyàn níwájú àlejò. Ó ní irọ́ ni. Ó mú Arlene dúró níwájú ìdílé àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kó sọ pé òun purọ́. Ọmọ náà sọ ọ́.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí Stauffer bá sọ ohun tí kò ṣeé gbà gbọ́, wọn á ní, "Ọkọ̀ Arlene nìyẹn." Àwọn ọmọ tí Arlene bí ń sọ ọ́ nídìí tábìlì rẹ̀. Delmar ń sọ ọ́ ju gbogbo wọn lọ. Arlene ò bá wọn jà. Ó kàn jẹ́ pé bí ó bá gbé ọbẹ̀ adìyẹ alágbàdo wá fún àbúrò rẹ̀ nígbà òtútù, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ́ńjìnnì mi ń kọ́?" Delmar á ní, "Tèmi wà dáadáa." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ń parí sí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di arúgbó.

Wàyí o, òfin kan wà nínú iṣẹ́ àtúnṣe yìí. Kí o tó bó ọ̀dà ohunkóhun, wàá rẹ òwú sínú oògùn tí ń bó ọ̀dà, wàá fi nu ibi kékeré lábẹ́ ikùn rẹ̀, kó o lè rí ohun tó wà nísàlẹ̀. Bí o bá kan ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, wàá gbọ́wọ́ rẹ kúrò. Bó ti wù kí ọ̀dà náà rí jákujàku tó, ẹni tó bá bó o ti pa ẹ́ńjìnnì náà nìyẹn, torí ọ̀dà yẹn ni iyì rẹ̀. Delmar ló ń fi òfin yìí da gbogbo ayé láàmú. Ó ti lé ọkùnrin kan láti Ohio jáde nílé rẹ̀ rí nítorí pé kò fi òwú nu ohun tó bó, ó sì lé e dé ibi tí títì ti yà.

Ṣùgbọ́n èyí tirẹ̀, kò nù ún; ó ní òfin náà kò mú ẹ́ńjìnnì tòun. Kí ni ó fẹ́ fi òwú bi í? Ojú rẹ̀ kọ́ ni ó ṣe nígbà tó jáde nínú páálí? Ó tú ìdí rẹ̀, ó yọ mọ́tò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹ́ ara irin rẹ̀ sínú abọ́ oògùn. Abọ́ náà kò jìn, nítorí náà ó fi búrọ́ọ̀ṣì pa oògùn fẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sókè. Ó wá fẹ̀yìn ti àga láti sinmi díẹ̀, oorun sì gbé e lọ.

Nígbà tó lajú, oògùn inú abọ́ ti rí bí wàrà tí wọ́n po èso pupa mọ́. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé e sókè. Ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ti di irin lásán. Ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ọ̀dà dúdú ti ká kúrò, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń dán nínú iná yàrá náà: píńkì, píńkì ilé iṣẹ́, tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ketekete.

Delmar fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi, ó gbé e sórí aṣọ ìnura. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, ó ti ń gbọ́ pé wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin nígbà kan, pé kò tà. Kò fojú kan ọ̀kan rí. Èyí tó wá fojú kàn yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ti pa ìdajì rẹ̀. Ìyẹn nìkan ì bá tó mú èèyàn dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wò nínú ọkàn ni ọmọbìnrin kan tó dúró níwájú àlejò, tí òun alára sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Merle pè é lórí fóònù.

"Bàbá, ó ti gbẹ?"

"Ó ṣì tutù."

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ní Sátidé o."

Agolo ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń fọ́n wà lórí pẹpẹ níbi tí ọwọ́ tó o. Delmar mú un, ó mì ín, ó gbọ́ bí ọmọ irin inú rẹ̀ ti ń ró. Kí ọ̀sán tó pọ́n, iṣẹ́ ì bá ti parí. Clayton ti kú, kò ní sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ó wá ro bí Arlene á ṣe tún dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀, àti ohun tí òun máa ní láti fi dá a lóhùn. Bó ṣe rò ó, ó rẹ̀ ẹ́ ju bí àtẹ̀gùn ti máa ń rẹ̀ ẹ́ lọ. Ó gbé agolo náà sílẹ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Arlene dé, ó wo àtẹ̀gùn náà.

"Ṣé ibí yìí lo ní kí n gbà?"

"Ẹ fi ìdí sọ̀, ẹ má fi ẹsẹ̀."

Ó fi ìdí sọ̀ ọ́, ó ń ráhùn bọ̀ lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, Delmar gbé ẹ́ńjìnnì náà lé e lórí itan. Arlene wò ó títí.

"Mo rò pé ó rẹwà ju báyìí lọ," ni ó wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, tiyín ni."

"Mo mọ̀ pé tèmi ni. Ṣé torí kó o lè sọ ìyẹn fún mi ni mo ṣe fi ìdí nu àtẹ̀gùn rẹ?"

"Mo ti ba ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́. Mi ò fi òwú nù ún wò."

"Ìwọ alára?"

"Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n."

"Gbogbo yín lẹ rò pé ẹ mọ̀ ọ́n."

Wọ́n jókòó. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná bú, ó sì dákẹ́.

"Ṣé Màmá mọ̀?" ni Delmar bi í.

"Màmá mọ̀. Ó bá mi ní kíṣìnì lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní kí n jẹ́ kí àlàáfíà wà. Mo ti wá ń jẹ́ kó wà láti ìgbà náà. Ó ti sú mi."

"Mo lè po píńkì náà. Màá kùn ún, kò sí ẹni tó máa mọ ìyàtọ̀."

"Má kùn ún. Wọ́n ti kùn ún tó."

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?"

Arlene yí ẹ́ńjìnnì náà padà, ó fi àtàǹpàkò nu ara irin lásán náà. "Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti sọ pé mo purọ́. Ojú irú wọn ni kí ìwọ náà ti sọ pé mi ò purọ́."

"Ọ̀pọ̀ wọn ti kú, Ẹ̀gbọ́n."

"Wá àwọn mìíràn dípò wọn."

Ní Sátidé náà, èrò tó wá kò ṣeé kà. Ìlà wọn gba iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ, ó yí itẹ́ òkú po, ó sì padà bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ń kó ẹ́ńjìnnì àtijọ́ jọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà wọn, ọkùnrin Ohio tí wọ́n lé níjọ́sí wà láàárín wọn. Arlene jókòó sórí àga, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dúró tì í. Nígbà tí Delmar tú aṣọ tó fi wé ẹ́ńjìnnì náà, Merle sún mọ́ ọn.

"Bàbá, kí lẹ ṣe fún un?"

"Mo ba á jẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí ti ẹlòmíràn kọ́kọ́ sáré, àwọn èèyàn ń wò."

"Torí pé wọ́n ń wò ni."

Delmar gbé e sórí irin, ó sì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Merle. Àwọn tó ń kó ẹ́ńjìnnì jọ ti rí ẹ̀gbẹ́ tó di irin lásán. Wọ́n mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni kan ṣí fìlà bí ẹni tó dé ibi òkú. Delmar jẹ́ kí wọ́n mí tán.

"Mi ò fi òwú nù ún," ni ó wí. Ọkùnrin Ohio wo àjà ilé, kò sọ nǹkan kan, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn. Ohùn Delmar wá wálẹ̀. "Ẹ́ńjìnnì Arlene, ẹ̀gbọ́n mi, ni èyí. Ó ti sọ fún wa. A ní irọ́ ló pa. Kò purọ́."

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́," ni Arlene wí láti orí àga rẹ̀.

Delmar gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn náà sókè sí ẹnu, ó sì tún un sọ. Ó gbé e sún mọ́ ẹnu débi pé irin ẹ̀rọ náà ń lù ú léyín.

"Ta ló wá purọ́?" ni Arlene bi í.

"Bàbá wa. Èmi náà sì ń bá a gbé irọ́ náà káàkiri."

Ọmọ Arlene, ẹni tí "Ọkọ̀ Arlene nìyẹn" kì í wọ́n lẹ́nu, ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ó dáa," ni Arlene wí. "Tan iná sí i, kí n tó sùn sórí àga yìí."

Delmar yí ọwọ́ àpótí iná. Ẹ́ńjìnnì náà lọ́ra, ó mí, ó gbéra. Ó gba orí afárá kọjá, ó wọ inú òkè, ó jáde. Àwọn tó wà lápá kan rí píńkì, àwọn tó wà lápá kejì rí irin. Èéfín rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí panápaná méjì fi sáré lọ wá àṣíborí wọn. Nígbà tó yí dé ẹ̀ẹ̀kejì, Arlene fọwọ́ lu àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Jókòó. Orúnkún rẹ ń ró létí mi láti ibí."

Delmar jókòó tì í. Àwọn méjèèjì sinmi ọwọ́ lórí itan, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń yí po.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo bù mọ́ ọn, Merle Fenstermacher wà láàyè, ara rẹ̀ sì le. Gbogbo àárọ̀ ni ó ń fọ ọkọ̀ ńlá wọn níwájú gbọ̀ngàn àwọn panápaná. Ẹ lọ bi í.