Ọjọ́ Tí Mo Wọn Ìyá Mi

Òórùn ata gbígbẹ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ọ̀rẹ́ mi, nínú ọkọ̀ òfurufú oníjòókòó méjì, níbi tí èjìká ti ń kan èjìká, kò sí ibi tí òórùn fẹ́ sá gbà. Gbogbo ìgbà tí mo fi gbé ìyá mi yípo lókè Onitsha, ata ọjà Ose Okwodu ló ń ta sánsán lára ìró rẹ̀.

Ìwé àṣẹ awakọ̀ òfurufú mi kò tíì pé oṣù méjì nígbà náà. Báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìsinmi ọdọọdún mi ni mo fi kọ́ ọkọ̀ òfurufú wíwà díẹ̀díẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí màmá má fi ẹ̀mí wewu. Màmá ní òun á lọ. Ó ti lé lógójì ọdún tí ó ti ń ta aṣọ nílùú náà, ó sì fẹ́ mọ bí ibi tí òun ń fẹsẹ̀ rìn ṣe rí láti òkè. Èmi náà mọ̀ pé bí ohunkóhun bá bí i nínú lọ́jọ́ náà, yóò padà sílé wa ní Awada, kò sì ní gbà mọ́ láéláé.

Ìdí nìyí tí mo fi ṣe àṣìṣe. Kí irú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ tó gbéra, a gbọ́dọ̀ kọ ìwọ̀n ẹni tó máa wọ̀ ọ́ sínú ìwé. Èmi gun òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ tí a kọ́ nílé ṣe máa ní kí ìyá rẹ̀ gun òṣùwọ̀n bí àpò ìrẹsì, lójú àwọn ọkùnrin ní pápá ọkọ̀ òfurufú? Mo rántí bí ó ṣe rí, mo kọ kílò márùndínláàádọ́rin.

A sọdá afárá Odò Ọya lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú. Màmá gbé àpò ata kan dání, nítorí kì í lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ òfo. Ó ní ìgbà tí a bá sọ̀ láyọ̀ ni òun máa fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ọkùnrin ará Nkpor tó ń bójú tó ọkọ̀ náà kí i káàbọ̀ lédè Ìgbò pé, “Mama, nnọọ!” Ó gba àpò náà, ó gbé e wò, ó wo ìwé mi, ó sì wo màmá.

“Aunty, you weigh Mama so?”

“I use eye,” ni mo dá a lóhùn.

“Then una never ready.” Ó mú kọ́kọ́rọ́ sápò.

Màmá gbọ́. Mo kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ó gun òṣùwọ̀n. Mo rò pé àfojúdi ni, mà.”

Màmá ní, “Ṣé o rí mi rí kí n fojú díwọ̀n aṣọ fún oníbàárà? Àfojúdi ni kí o gbé mi lọ sókè láìmọ ohun tí o gbé.”

Ó bọ́ bàtà, ó gun òṣùwọ̀n: kílò mẹ́tàlélọ́gọ́rin! Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀bà kò parọ́.” Ìwọ̀n ọkọ̀ ti kún, àpò ata kò lè bá wa lọ mọ́, ó sì fà á lé ọkùnrin náà lọ́wọ́.

Lókè, ìbéèrè kò tán lẹ́nu rẹ̀. Kí ló dé tí odò pupa lápá kan, tó dúdú lápá kejì? Ta ló ni òrùlé tó ti dípẹtà yẹn? Mo fi ilé wa hàn án àti ọjà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì láàárín méjèèjì. “Ṣé ibi tí mo ń fi gbogbo òwúrọ̀ rìn nìyí? Kò tó ìbú ọwọ́ mi!” Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti yí padà.

Títí di ọjọ́ náà, mo rò pé kí n máa dákẹ́ fún un ni ọ̀wọ̀. Lọ́dún tó kọjá, orúnkún ń dà á láàmú, mo gbé e lọ sọ́sibítù. Nọ́ọ̀sì béèrè iye kílò rẹ̀, kí wọ́n lè mọ oògùn tó yẹ. Màmá kọjú sí mi.

“Sọ fún un. Ìwọ lo wọ̀n mí kí o tó gbé mi.”

Mo sọ ọ́, ojú kò sì tì mí.