Ẹ̀kán Ọsàn Wẹ́wẹ́ Nínú Omi Eérú

Nígbàkúùgbà tí mo bá ń kán ásíìdì sínú omi sódà níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo máa ń gbọ́ òórùn eérú èèpo kòkó.

Ìyá àgbà ń se ọṣẹ dúdú tà ní abúlé wa lẹ́yìn Mọníyà. Kí wọ́n tó da àdí sí omi eérú, ahọ́n ni wọ́n fi ń tọ́ ọ wò. Bó bá ti ta wọ́n lẹ́nu, ó le tó nìyẹn. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, ọṣẹ tí wọ́n sè kọ̀, kò dì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní girama bu ṣíbí omi eérú kan sínú abọ́ funfun. Ó kán omi ìsápá pupa sí i, ó di àwọ̀ ewé. Ó wá ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, èmi ń ka ẹ̀kán rẹ̀, títí ó fi padà pọ́n. Omi eérú àtijọ́ tó dára, tó ṣẹ́ kù sínú ìgò, gba ogún ẹ̀kán. Tuntun tí wọ́n fi se ọṣẹ tó kọ̀ yìí gba mẹ́sàn-án péré.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìyá, èyí tó bá le ló ń gba ẹ̀kán púpọ̀; èyí kò le tó. Ẹ tún un sẹ́ lórí eérú míì."

Mo ń retí kí wọ́n jágbe mọ́ ọn. Èmi ni wọ́n yíjú sí.

"Ṣé o kà á dáadáa?"

"Mo kà á dáadáa, Ìyá."

"Ìwọ ni wàá máa bá mi kà á."

Nírọ̀lẹ́, wọ́n tọ́ ọbẹ̀ wò, wọ́n na ìgbakọ sí mi.

"Ṣé iyọ̀ ti tó?"

Iyọ̀ náà pọ̀ débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo rò pé wọ́n ń dán mi wò ni. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé omi eérú ti jẹ ahọ́n wọn tán, wọn ò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ni.