Eyín Tí A Kò Gbọdọ̀ Yọ

Ìtànṣán ẹ̀rọ tí wọ́n fi pa jẹjẹrẹ ọ̀fun mi nílé ìwòsàn, ó pa itọ́ ẹnu mi mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, n kò lè jẹ búrẹ́dì láìfi omi tì í sọ́fun. Olùkọ́ ni mí, ẹnu ni mo fi ń jẹun, ẹnu náà ló wá gbẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lá súìtì kí ahọ́n mi lè rọ̀, bí ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta. Súìtì yẹn ló bá mi ba eyín jẹ́.

Nígbà tí eyín kan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo rántí ìkìlọ̀ àwọn dókítà tó tọ́jú mi: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ eyín mi láìjẹ́ pé àwọn mọ̀ sí i, torí egungun àgbọ̀n tí ìtànṣán ti kọjá lára rẹ̀ lè má jinná mọ́. Ó yé mi. Àmọ́ a kì í dárúkọ jẹjẹrẹ nínú ẹbí wa. "Ọ̀fun ń dùn ún" la sọ fún gbogbo ayé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó tọ́ mi dàgbà ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọbìnrin mi ń múra ìgbéyàwó, àwọn àna wa sì máa ń wádìí ìdílé dé orí àìsàn tó pa bàbá ńlá ẹni. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ti ọjà Ṣáṣá dé, ó rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wú. Kò gbọ́ àwáwí kankan. Màrúwá ló gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín ní Mọ́níyà, ládùúgbò àwọn àna wa gan-an. Inú Màrúwá náà ni mo gbàgbé igo omi tí mo máa ń gbé kiri láti fi rọ ẹnu mi sí.

Kọ́tìnnì nìkan ló wà láàárín àga tí mo jókòó lé àti àwọn èrò tó ń dúró.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀?" Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà náà. "Ẹ̀jẹ̀ ríru? Ìtọ̀ ṣúgà?"

"Rárá o," ẹ̀gbọ́n mi ló dáhùn. "Ara ẹ̀ le. Ẹ ṣáà bá wa yọ ọ́."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ahọ́n mi ti lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, kò gbéra. Dókítà gbé abẹ́rẹ́, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má dá a lóhùn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Láti kékeré ló ti ń sá fún abẹ́rẹ́."

Inú bí mi. Mo rí ife omi tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún fífọ ẹnu, mo gbé e, mo sì dà á mu tán.

"Jẹjẹrẹ ni!" Igbe ni mo fi sọ ọ́. "Ìtànṣán ni wọ́n fi tọ́jú ọ̀fun mi. Ẹ má fọwọ́ kan eyín yẹn!"

Ariwo àwọn tó wà lẹ́yìn kọ́tìnnì dáwọ́ dúró. Dókítà gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó fún mi ní oògùn ìrora, ó ní kí n padà sọ́dọ̀ àwọn tó tọ́jú mi kó tó di ọ̀la.

Etí títì la dúró sí, ẹ̀gbọ́n mi kò wojú mi.

"Ó dáa," ó ní. "O ti gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ là. Ọmọ ẹ ńkọ́?"

Ó ra omi inú ọ̀rá lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, ó fi eyín ya á, ó nà án sí mi. Mo mu ún tán. Ẹnu mi tutù dáadáa, n kò sì rí ohun tí mo lè sọ.