Ọba Tó Dọ̀bálẹ̀ Lórí Pèpéle

Òórùn tó máa ń jí wa láàárọ̀ ní agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnká kì í ṣe òórùn dídùn. Àwọn ìyá wa ló ń se ilé kòkòrò sányán nínú omi eérú, àwa ọmọdé á sì fọwọ́ dí imú kọjá lọ sẹ́yìnkùlé. Nínú òwú tí wọ́n rí níbẹ̀ ni bàbá mi, tó jẹ́ ahunṣọ, ti hun aṣọ ọba tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ọjọ́ ti pẹ́, àmọ́ bí mo bá rántí aṣọ náà, inú ṣì máa ń bí mi.

Ìmàle ni bàbá mi. Nígbà tó fi mí sí ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì kan tí kò jìnnà sí Bẹẹrẹ, àwọn ẹbí fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀rọ̀ pa á. Ó ní kí wọ́n fara balẹ̀, òun á fojú ara òun wo ohun tí wọ́n ń kọ́ mi, bí kò bá sì dára, òun á yọ mí kúrò. Èmi ní tèmi, ìwé ti wọ̀ mí lára. Mo máa ń ka ABD sókè gba Ọjà'ba kọjá, àwọn ọlọ́jà á máa pè mí ní akọ̀wé kékeré, orí mi á sì máa wú.

Nígbà tí ìkórè ń bọ̀, Tíṣà wa ní a máa ṣe eré. Ó kọ́kọ́ kọ́ wa ní ohun tí eré fi ń jẹ́ eré. Ó ní ìtàn ni ìpìlẹ̀, òṣèré ló sì ń gbé ìtàn rìn. Òṣèré gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kí ará ẹ̀yìn gbọ́, eré gbọ́dọ̀ ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, kí aṣọ ọrùn òṣèré sì fi ẹni tó jẹ́ hàn. Àwọn òǹwòran ló mú kẹ́yìn. Nígbà tó débẹ̀, ó na pátákó ní pàṣán.

"Ẹni tó bá ti gun pèpéle kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Bí o bá jẹ́ ọba, ọba ni ọ́ títí eré á fi parí!"

Mo gbà á gbọ́ pátápátá. Èmi ló mú ní ọba, torí ohùn mi ń ròkè. Bàbá mi jókòó sídìí òfì, ó hun sányán fún wa láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ eré, èrò kún dẹ́nu ọ̀nà. Mo ń dá ẹjọ́ lọ lórí ìtẹ́ ni Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, tí wọ́n pè wá wo eré àmọ́ tó pẹ́ dé, bá wọlé. Tíṣà sáré gorí pèpéle. "Ẹ dúró! Ẹ dìde, ẹ tẹríba!" Òun fúnra rẹ̀ ló fà mí sílẹ̀ lórí ìtẹ́, ó ṣí adé lórí mi, gbogbo wa sì tẹríba títí òyìnbó fi jókòó. Lẹ́yìn náà ló ní ká tún eré bẹ̀rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo ní bóyá ó gbàgbé láti kọ́ wa ní apá ibẹ̀ ni.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni bàbá mi kírun àsárì tán, tó sì dé. Bí mo ṣe rí fìlà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, n kò jókòó kí bàbá mi rí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pèpéle, tòun ti sányán, adé sì yí lọ.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá!"

Gbogbo èrò hó yèè. Ìyá kan pariwo pé, "Ọmọ tí a kọ́ tó gbọ́ nìyí!" Ojú Tíṣà pọ́n. Ó fà mí létí dìde. "Òpè! O ti ba eré jẹ́!" Níwájú gbogbo ayé ló bọ́ aṣọ náà lọ́rùn mi, ó gbé e wọ ọmọ mìíràn, ó sì fi èmi sílẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé. Irú ìwọ̀sí wo nìyẹn!

Bàbá mi dúró títí eré fi parí. Lẹ́yìn náà ló lọ bá Tíṣà. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba aṣọ mi." Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé òfin eré. Bàbá mi ń ká aṣọ rẹ̀ lọ, ó ní, "Mo gbọ́. Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èyí tí mo fún un nílé lẹ bọ́ lára rẹ̀ yẹn."

Bí ilé ìwé mi ṣe parí nìyẹn. Mo sunkún, mo bẹ̀bẹ̀, àwọn ìyá wa bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Inú mi dùn pé o kí mi. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kò fi ní dá ọ padà síbẹ̀."

Mo ti lọ́mọ kí n tó mọ̀wé kà dáadáa, ọmọ mi ló sì kọ́ mi. Lónìí, bí mo bá sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé, àgbà ń gbọ́, ọmọdé ń gbọ́. Ọmọ tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹkún àti ikun imú nìkan ló ní. Ká ní ó ní ẹnu tí mo ní nísinsìnyí ni, ì bá bi í pé, "Tíṣà, ìgbà wo gan-an ni eré bàjẹ́, sà? Ṣé ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó bí mi ni, àbí ìgbà tí ẹ ṣí adé lórí ọba nítorí àlejò?"